Réésà Eléyín àti Orí Bàbá Mi

Ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú omi ìlú tí mo ń gbé. Ohun àkọ́kọ́ tó já mi láyà ní Ìlú Ọba nìyẹn, kì í ṣe òtútù. Òtútù, gbogbo Ṣakí ló ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi, àwọn tí kò débẹ̀ rí gan-an ló kìlọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo lè máa fi ọṣẹ dúdú tí bàbá mi dì sínú àpò mi para títí apá á fi ro mí, kí ìfófó rẹ̀ má ju itọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Omi etí òkun tiwa níhìn-ín le. Tí a bá fi kẹ́tùlù sè é, nǹkan funfun bí ẹfun ló máa ń kù sí ìdí rẹ̀.

Ọmọ onígbàjámọ̀ ni mí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ omi fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ti fi abẹ fá orí ọmọ tuntun, ó ti fá ti ọkọ ìyàwó, ó ti fá ti baálé ilé, kò sí àdúgbò tí wọn ò mọ àpò awọ rẹ̀ ní Ṣakí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Omi ló ń fárí. Abẹ kàn ń kó irun kúrò lọ́nà ni." Á fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rin orí oníbàárà, á fi ọṣẹ pa á, á tún fi omi rin ín, á máa bá a sọ̀rọ̀ iṣu àti òjò títí onítọ̀hún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó bá wá. Ìgbà yẹn ni abẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Mo sá fún iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn. Nílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń tẹ orí sí mi níwájú pé kí n wá bá àwọn fá a, wọn á sì máa rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí bàbá mi bá ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú, iṣẹ́ àṣetiléwá á sáré wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Kúdí, ló máa ń gbé igbá omi dúró tì í. Èmi kàwé títí mo fi jáde ní Pólì, mo sì búra pé ọwọ́ mi ò ní kan orí ẹlòmíràn láyé. Ẹ wá wo ibi tí Ọlọ́run gbé mi dé: ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tí mo ti ń wẹ orí, tí mo ń ya irun, tí mo sì ń fá irùngbọ̀n láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹní bá rí i kó bá mi rẹ́rìn-ín.

Orúkọ ni wọ́n ń pe àgbàlagbà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún á ṣílẹ̀kùn, á ní, "Hàrí, ṣé o ti jí?" Bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ o! Ara mi bù máṣọ. Èmi pè é ní Bàbá Hàrí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ń jẹ́ "Bàbá", mo ṣàlàyé fún un, ó ní kí n máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe òun ní bàbá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n létí mi, bí ará Òkè-Ògùn ló ṣe dún.

Ìdí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá Hàrí wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, kò lè fá irùngbọ̀n ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ oníná ni wọ́n fi ń ṣe é fún un, ẹ̀rọ náà sì máa ń fi irun sílẹ̀ káàkiri bí oko tí ọ̀lẹ ro. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó nawọ́ sí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Mo ṣí i, mo bá réésà onírin mẹ́ta nínú táwẹ̀lì, irú èyí tó ní ọ̀pá, tí wọ́n ń ki bíléèdì olójú méjì sí lórí.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lò?" Bàbá Hàrí béèrè.

"Bàbá, ọmọ onígbàjámọ̀ ni mí." Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi kó bá ara mi nìyẹn.

Nítorí pé lóòótọ́, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò fi bíléèdì sínú ọ̀pá rí. Èèyàn Ṣakí wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? A máa ń ṣẹ́ bíléèdì sí méjì nínú bébà rẹ̀ ni, ká lo ẹ̀là kan lónìí, ká fi èkejì pamọ́ di ọjọ́ mìíràn. Ìka méjì ni ọ̀pá tiwa. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo mú bíléèdì tuntun, mo tẹ̀ ẹ́ nínú bébà, ó ṣẹ́ kẹ́, mo ki ẹ̀là kejì sí àpò àyà aṣọ iṣẹ́ mi. Mo fi omi gbígbóná rin ẹ̀rẹ̀kẹ́ baba náà dáadáa, mo na awọ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti fá apá ọ̀tún tán, ó ń dán, Bàbá Hàrí ti dijú bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí, kí ọ̀gá wa obìnrin tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ bá mi wo ohun tí obìnrin yẹn rí: ọkùnrin dúdú kan tó di ìlàjì abẹ níhòòhò mú sí ọ̀nà ọ̀fun arúgbó kan tó dijú. Igbe tó ké, mo rò pé ilé ń jó. Bàbá Hàrí lajú, ó wo ọ̀gá wa, ó wò mí, ó ní, "Kí ló dé tó o dúró? Ó ku apá kan."

Wọn ò lé mi. Ìwé méjì ni mo buwọ́ lù, mo sì ṣèlérí pé mi ò tún ní ṣẹ́ bíléèdì mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lábẹ́ òrùlé náà. Ọ̀gá wa ní tí mo bá mọ ọ̀pá yẹn lò dájúdájú, kí n padà wá bẹ òun. Ọjọ́ méjì gbáko ni Bàbá Hàrí fi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó ń dán àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó rí wúruwùru káàkiri gbọ̀ngàn, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé wọn ò jẹ́ kí onígbàjámọ̀ òun parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó di àwọn réésà náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ fi orí ara mi kọ́ ọ.

Mo fi orí ara mi kọ́ ọ lóòótọ́. Ilé ìwẹ̀ mi kéré débi pé tí mo bá na ìgbọ̀nwọ́, ògiri ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pààrọ̀ wọn, mo sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Èyí àkọ́kọ́ ni mo pè ní Ẹ-jọ̀ọ́-sà. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Irin tó wà lábẹ́ bíléèdì rẹ̀ gùn gbọọrọ, kò sì jẹ́ kí ojú abẹ yọ síta. Ó máa ń gba orí irun kọjá bí ẹni ń tọrọ gáfárà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa ń fi gba ibì kan kó tó mọ́. Tí irun bá sì ti gùn díẹ̀ báyìí, á há sí i lẹ́nu, ó parí, kò ní gé nǹkan kan mọ́.

Èyí kejì ni Alágídí. Orí rẹ̀ wọ́, bíléèdì ń dagun lórí rẹ̀, ojú abẹ sì yọ síta bí eyín ajá tó ń bínú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń kọjá, tí ibẹ̀ á mọ́ fefe, ṣùgbọ́n kì í kìlọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń tẹ ẹ̀là bíléèdì nílé, ó sì bù mí jẹ níbi mẹ́ta. Pílásítà mẹ́ta ni mo lẹ̀ mórí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Bàbá Hàrí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Èyí kẹta ni Eléyín. Abẹ́ bíléèdì rẹ̀ là yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí eyín ìyarun. Òun náà ń jẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é ní ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ kó tó jẹ. Ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà, bí ìgbà tí dòjé bá ń kọjá láàárín koríko gbígbẹ. Tí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà, ọwọ́ mi ti le jù nìyẹn. Kò sì sí bí irun ṣe lè gùn tó, àárín eyín rẹ̀ ló máa gbà kọjá. Òun ló kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ rárá, kí n jẹ́ kí irin fi ìwúwo ara rẹ̀ rìn. Ìgbà tí mo sọ èyí fún bàbá mi lórí fóònù, ó ní, "Ohun tí mo sọ fún ọ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Òyìnbó ló wá sọ ọ́ kó o tó gbọ́?"

Ọ̀gá wa wo ọwọ́ mi, ó gbà. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mo ń fá irùngbọ̀n Bàbá Hàrí ní àràárọ̀. Omi inú ike tí wọ́n ń tà ni mo ń gbé wá, kí ọṣẹ lè hó. Tí mo bá parí, mo máa ń fi òrí díẹ̀ pa á lójú. Kò pẹ́ tí àwọn bàbá mẹ́rin mìíràn fi orúkọ sílẹ̀, tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn sì ń rùn bí ilé ìyá àgbà ẹni. Ẹ má pè é ní ìgbéraga, inú mi dùn. Ọdún méjì ni mo ti fi jẹ́ ẹni tí a kàn ń pè ní "ìwọ ará Áfíríkà yẹn". Nígbà tó yá, mo wá di onígbàjámọ̀, orúkọ tí mo sá fún láti Ṣakí. Mi ò mọ̀ pé ó lè dùn ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí fìlà.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni bàbá mi máa ń fá orí ara rẹ̀ sílẹ̀ de Jímọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni, láì wo dígí. Nínú ilé, kì í dé fìlà. Ó fẹ́ràn kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá pè é báyìí tí àwòrán rẹ̀ bá yọ, fìlà ló wà lórí rẹ̀, tó fà á wálẹ̀ títí dé ojú. Mo ní bóyá ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, fìlà ò lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo pè é lákòókò tó yẹ kó wà ní mọ́ṣáláṣí ńlá, ó gbé fóònù nínú yàrá. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń ro òun.

Mo pe Ìyá Kúdí. Ó kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ pọ̀, ó wá sọ ọ́. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Ìpapó wá fárí, Bàbá sì gé e, ẹ̀jẹ̀ ò tètè dá. Ọ̀rẹ́ náà ní kò sóhun tó ṣe òun. Ṣùgbọ́n Bàbá gbé àpò awọ kọ́ ògiri lọ́jọ́ náà, kò sì tún sọ̀ ọ́ mọ́, kódà fún orí ara rẹ̀.

"Ẹ pe bábà oníṣọ́ọ̀bù wá bá a fá a," mo ní.

"A pè é. Bàbá ní ẹ̀rọ tó ń kùn bí eṣinṣin ò ní gun orí òun. Ó ní ọwọ́ tí kì í ṣe ọwọ́ ilé wa ò ní kan orí òun láyé. Ojú ló ń tì í láti jókòó sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n wá máa wo irun lábẹ́ fìlà onígbàjámọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ètò sílẹ̀: kí ẹ sọ báyìí fún un, kí ẹ dọ́gbọ́n sí i báyìí. Ìyá Kúdí jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ọmọ ìyá mi, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Wá sílé."

Ohun tí mò ń gbé kiri láti ọdún wọ̀nyí, tí mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn, ló fọwọ́ kàn yẹn. Mò ń fá irùngbọ̀n bàbá oníbàbá lójoojúmọ́, orí bàbá tèmi sì wà lábẹ́ fìlà. Mo sunkún díẹ̀, mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi. Nígbà tí Bàbá Hàrí gbọ́, ó ní kí n kó réésà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, kí bàbá mi fúnra rẹ̀ mú èyí tó wù ú. Ọ̀gá wa tún ní ìwé kan tí a máa buwọ́ lù.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni, ní àgbàlá wa. Bàbá jókòó sórí àpótí, fìlà lórí. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo to réésà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i níwájú. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Èwo ló ń jẹ nínú wọn?"

"Gbogbo wọn ló ń jẹ, Bàbá. Ìwọ̀n wọn ni ò dọ́gba."

Ó gbé Ẹ-jọ̀ọ́-sà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yí Alágídí sọ́tùn-ún sósì. "Eléyìí wọ́. Ṣé orí olè ni wọ́n fi ń fá?" Nígbà tó kan Eléyín, ó fi àtàǹpàkò tọ eyín rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún padà. "Eléyìí gbọ́n. Ó ń ya irun kó tó gé e." Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì ṣí fìlà.

Orí tí mo mọ̀ ní dídán ti funfun bí òwú tó là lóko. N kò rí irun orí bàbá mi rí láyé mi. Mo sáré gbé Eléyín kí n má baà sunkún níwájú rẹ̀.

"Omi ńkọ́?" Bàbá ní. "O fẹ́ fá mi ní gbígbẹ? Adìẹ gan-an, omi gbígbóná la fi ń bọ̀ ọ́ ká tó tu ìyẹ́ rẹ̀."

Ìyá Kúdí ti dúró tì wá pẹ̀lú igbá omi, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Mo rin orí Bàbá, mo pa ọṣẹ dúdú lé ọwọ́, ó hó! Ó hó yàlàyàlà títí dé ọrùn ọwọ́ mi. Omi kànga ilé wa. Mo dúró, mò ń wo ìfófó bí òmùgọ̀. Nígbà tí mo wá gbé réésà sókè, ọwọ́ mi ò dúró sójú kan.

"Ọwọ́ ta ló ń gbọ̀n nínú àwa méjèèjì?" Bàbá béèrè.

Mo rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi sì balẹ̀. Ṣàrà, ṣàrà. Irun náà ń gba àárín eyín kọjá, kò há, kò fà. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo fi òrí pa á, mo sún sẹ́yìn. Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo iṣẹ́ mi láti ìpàkọ́ wá síwájú, bó ṣe máa ń wo tara rẹ̀. Ó dé ẹ̀yìn etí ọ̀tún, ó dúró.

"O ṣẹ́ ibì kan kù."

Kò ju ẹ̀wà kan lọ. Mo tún mú réésà, ṣùgbọ́n ó gbá ọwọ́ mi kúrò. "Fi sílẹ̀. Fìlà á bò ó. Onígbàjámọ̀ tó bá ti parí iṣẹ́ pátápátá, kí ló tún máa padà wá ṣe?"

A jọ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí ńlá. Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà, èmi ló ní kí n bá òun mú fìlà dání.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìsinmi mi. Irun kì í sì í mọ̀ pé ìwé ìrìnnà ń dópin. Mo fi Eléyín han Ìyá Kúdí. Mo rò pé mò ń kọ́ ọ ni, àfìgbà tó fi ọkọ rẹ̀ dánra wò, tó gbé ọwọ́ lé e lágbọ̀n: ọrùn ọwọ́ Bàbá gẹ́lẹ́ ló fi ń ṣe é. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sá, òun ló gbé omi dúró, tó ń wò. Bàbá wo òun náà láti orí ẹní, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fi Eléyín sílẹ̀ fún wọn, mo padà láì mọ èyí tó máa jẹ́.

Ní Jímọ̀ kejì tí mo dé, yàrá Bàbá Hàrí ni mo wà, ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀, nígbà tí fóònù dún. Bàbá mi ni. Kò dé fìlà. Orí rẹ̀ ń dán débi pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé hàn lára rẹ̀. Ìyá Kúdí wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbé réésà sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Bàbá Hàrí sún mọ́ fóònù. "Ta ló fá a?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin."

"Ó mọ́ ju tìẹ lọ."

Òótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Ọkàn mi balẹ̀ pé Bàbá kò nílò mi ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ohun náà gan-an ló sì ń dùn mí. Mo ní, "Àlàmúdù lílàáì, Bàbá. Ẹ kú oríire. Ìyá Kúdí, ẹ ṣé o, iṣẹ́ ti parí."

"Kò tíì parí o," Ìyá Kúdí ní. "Ibì kan wà tí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn."

Bàbá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka ká etí ọ̀tún síwájú fún mi. Irun tí mo ṣẹ́ kù wà níbẹ̀, funfun, kò ju ẹ̀wà kan lọ, ó ti ń gùn.